Iná búrékì kò tàn mọ́

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù kò tan iná búrékì mọ́, títí kan kékeré tó wà lókè gíláàsì ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ iná alẹ́ rẹ̀ ń tàn dáadáa. Rewáyà ti pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì. Owó lọ, iná kò dé.

Ìdáhùn: Gílóòbù kọ́ ló jẹ̀bi, nítorí ó ṣòro kí mẹ́ta kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ yẹ fíúsì iná búrékì wò. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀, bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá jẹ́ 15, ẹ fi 15 sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà bàbà dí i, torí irú àrà bẹ́ẹ̀ lè sun wáyà ọkọ̀.

Bí fíúsì bá pé, súwíìṣì kékeré tó wà lókè pẹ́dàlì búrékì, tí ìka rẹ̀ máa ń yọ síta bí ẹ bá ti tẹ pẹ́dàlì, ni mo fura sí jù. Bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ méjì péré, ẹ yọ ẹnu wáyà náà kúrò lára súwíìṣì, kí ẹ fi wáyà kúkúrú so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀. Bí iná bá tàn, súwíìṣì ti kú nìyẹn, kì í sì í wọ́n. Bí wáyà bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ má dán an wò, ẹ gbé ọkọ̀ náà fún rewáyà tó ní mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò. Kí iná búrékì tó tàn, ẹ má gbé ọkọ̀ náà dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí tírélà ti ń tẹ̀ lé yín.