Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá iye tí wọ́n ń ta ìpín iléeṣẹ́ kan tọ́ kí n tó rà á?

Fi iye tí wọ́n ń ta ìpín náà wé èrè tí iléeṣẹ́ náà ń jẹ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi àbájáde rẹ̀ wé ti àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Iye ìpín tí a fi èrè orí rẹ̀ pín ni wọ́n ń pè ní P/E (price-to-earnings). Bí ìpín kan bá ń lọ ní 200, tí èrè ọdún kan lórí rẹ̀ sì jẹ́ 10, P/E rẹ̀ jẹ́ 20: èrè 20 ọdún lo ń san sílẹ̀ nìyẹn, bí èrè náà kò bá yí padà. Bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà ní 12, ó yẹ kí ìdí gidi wà tó fi wọ́n jù wọ́n lọ, bíi kí èrè rẹ̀ máa yára pọ̀ sí i.

P/E tó kéré nìkan kò tó. Èrè lè ga lọ́dún kan nítorí pé iléeṣẹ́ náà ta ilẹ̀ tàbí ilé, owó yẹn kò sì ní sí mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wo èrè ọdún márùn-ún, wo gbèsè rẹ̀, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, owó gidi tó ń wọlé látinú òwò, torí èrè orí ìwé àti owó ọwọ́ kì í fìgbà gbogbo bára mu.

Fún báńkì, iye dúkìá lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè ni wọ́n sábà máa ń fi wé iye ìpín. Iléeṣẹ́ tí kò tíì máa jèrè kò ní P/E tó nítumọ̀. Iye ọjà tó ń tà lọ́dún ni wọ́n máa ń fi wé iye ìpín rẹ̀ dípò èrè.