Log tèwo lò ń sọ?

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ pé ṣé kó o kàn ṣe JSON tìẹ (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ dátà ránṣẹ́ síra wọn) fún sáfà ìṣirò (kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ṣe ìṣirò látọ̀nà jíjìn) tó o fẹ́ gbé kalẹ̀ n'Iléṣà, àbí kó o lọ kọ́ OpenMath (ìlànà tó wà fún kíkọ ìṣirò ránṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà). Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí n'Ifẹ̀ níbí, ojú mi sì rí tó, jọ̀ọ́ kà á dáadáa.

JSON lèmi náà lò. Èèyàn á fi "log" àti 100 ránṣẹ́, Python (èdè kọ̀ǹpútà tí mo lò) á ṣe é, ó parí. Àfi bí màmá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Mayfair ṣe pè mí, wọ́n ní kalikulétọ̀ àwọn ọmọ gbé 2 jáde, tèmi ń gbé 4.605 wá, ṣé kò ti bàjẹ́? Mo wá a títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sóhun tó bàjẹ́ o, log ti kalikulétọ̀ bésì 10 ni, math.log ti Python bésì e ni (e jẹ́ nǹkan bíi 2.718), àwọn méjèèjì ló tọ́, èmi tí mo wà láàárín wọn ni mi ò sọ èwo ni mò ń wí. Ohun tí OpenMath wà fún gan-an nìyẹn. Gbogbo àmì ibẹ̀ ló ní content dictionary (ìwé atúmọ̀ àmì) tó ti wá, bí ẹni tó dárúkọ tó tún dárúkọ agboolé ẹ̀ mọ́ ọn, nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ transc1, ln (log bésì e) dá wà, log dá wà, log yẹn sì gbọ́dọ̀ gba bésì ná kó tó gba nọ́ńbà.

Èyí tó dùn mí jù wá ni ti nọ́ńbà ńlá. Ẹnì kan tẹ 9007199254740993 sórí páàjì mi pé kí n tú u sí prime (àwọn nọ́ńbà tí nǹkan kan ò lè pín àfi 1 àti ara wọn), èsì tó rí ni 2^53, ìyẹn 2 mẹ́tàléláàádọ́ta tá a fi sọ ara wọn di púpọ̀. Nọ́ńbà tí 3 parí ẹ̀, tí 2 ò lè pín! JavaScript (èdè tó ń ṣiṣẹ́ nínú páàjì náà) ló ti sọ ọ́ di 9007199254740992 kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, torí bit 53 péré ló ní fún nọ́ńbà, kò sì kìlọ̀ fẹ́nì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lo JSON dandan, ẹ jọ̀ọ́, bíi string (ọ̀rọ̀ lásán) ni kẹ́ ẹ máa fi nọ́ńbà ńlá ránṣẹ́, àti lílọ àti bíbọ̀.

Tó bá sì jẹ́ GAP (sọ́fítíwià ìṣirò kan) lo fẹ́ lò, má da ara ẹ láàmú, package SCSCP tó ń jẹ́ kí àwọn sọ́fítíwià ìṣirò máa bára wọn sọ̀rọ̀ ti wà nínú ẹ̀, OpenMath ló ń sọ, port (ẹnu ọ̀nà ìsopọ̀) 26133 ló ń lò, ṣùgbọ́n má ṣí port yẹn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, fi HTTPS (ìsopọ̀ wẹ́ẹ̀bù tó ní ààbò) síwájú ẹ̀.

Ìṣirò tó bá máa pẹ́, dá 202 (kóòdù wẹ́ẹ̀bù tó ń sọ pé a ti gba iṣẹ́ náà, àmọ́ kò tíì parí) padà kíá, fún ẹni náà ní nọ́ńbà bíi káàdì ọsibítù kó máa fi padà wá béèrè, kó o sì kọ iṣẹ́ náà sórí disk, torí wákàtí 3 gbáko ni tèmi ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó múná lọ.