Láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì lójú omi: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ará ilé yín láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Àgbádárìgì nínú oṣù Kejìlá, kí ẹ máa yà ní àwọn ìlú èbúté tó wà lójú ọ̀nà, ẹ sì fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fi sí i àti bóyá ìyá yín, ẹni ọdún 74, lè bá yín lọ. Mo ti rin ọ̀nà náà. Ìkòròdú ni mo ń gbé, Ẹ̀pẹ́ ni ilé ìyá tó bí mi, mo sì ti mọ omi yìí láti kékeré, síbẹ̀ ìyà tó jẹ mí lórí rẹ̀ lọ́dún kan kò tíì kúrò lára mi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Inú ọ̀sà ni ẹ óò gbà láti Ẹ̀pẹ́, ẹ óò kọjá Ẹ̀jìnrìn, ẹ óò yà ní èbúté Ìpakòdò ní Ìkòròdú, ẹ óò sọdá sí Marina ní Èkó, lẹ́yìn náà ni ẹ óò gba omi tóóró tó wà lẹ́yìn yanrìn etíkun títí dé Àgbádárìgì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òde òkun ló yá jù. Láàárín Èkó àti Àgbádárìgì, yanrìn ni gbogbo etíkun, ìgbì ń fọ́ lé e lórí tọ̀sán-tòru, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ kékeré lè sá sí bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú. Àwọn apẹja tó ń gba ibẹ̀ wọlé mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìgbì kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ sí i. Èmi àti ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kejìlá tí ẹ dá ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ewéko kan wà tó ń léfòó lójú omi, èyí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth lédè òyìnbó, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, tó sì rẹwà lójú ẹni tó bá dúró sí èbúté. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú omi Àgbádárìgì, láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) ni ó gbà wọlé, láti ìgbà náà ni ó sì ti di onílé. Iyọ̀ nìkan ló ń kápá rẹ̀. Nígbà òjò, omi odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn máa ń ya wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù, ewéko náà á sì máa gbilẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú dáadáa, omi òkun á gba ẹnu Èkó wọlé, á sì pa á. Ṣùgbọ́n láti ẹnu Èkó ni iyọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó ràn dé apá ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, ó máa ń pẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó dúró ní Marina nínú oṣù Kejìlá fi lè búra pé ewéko ti tán, nígbà tó ṣì bo omi bí oko ẹ̀fọ́ láàárín Ẹ̀jìnrìn àti Ìkòròdú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gbẹ́ni kan tó pe ara rẹ̀ ní amòye ìrìn-àjò afẹ́ ṣe búra fún mi. Ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní máàpù tó fẹ̀ bí ẹní, ó sì fi bírò pupa fa ìlà ọ̀nà wa láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni mo tó gbọ́ pé kò gba ojú omi dé Ẹ̀jìnrìn rí láyé rẹ̀.

Àwa mọ́kànlá ni a wà nínú ọkọ̀ fáíbà náà, mẹ́rin nínú wa jẹ́ ọmọdé, àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ti lé ní 70 ọdún, sì wà pẹ̀lú wa. Agogo méje àárọ̀ ni a ti wà ní èbúté Ẹ̀pẹ́. Òṣìṣẹ́ kan tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ ní kí a kọ orúkọ gbogbo èrò sí ìwé mẹ́ta. A kọ ọ́. Ó ní lẹ́tà kan kò pé nínú orúkọ ọmọ kan, kí a tún un kọ. A tún un kọ. Ó ní kí a lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígboro, iná kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà, a dúró de jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí a padà dé, ó ti lọ jẹun. Agogo méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni ó tó yọ̀ǹda wa, ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn kò sì wo ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kò fọwọ́ kan láìfù jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kò béèrè bóyá àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Bí ó bá béèrè ni, ì bá ti rí i pé kò sí.

Ẹ wá gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ó wúlò fún yín. Omi tín-ín-rín kan wà tó máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ọkọ̀ a máa sọ pé ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Omi yẹn ni àmì pé ẹ́ńjìnnì ń rí omi fà láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí ewéko bá dí ihò tó ti ń fà á, ìtọ̀ á dá, kò sì ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná kọjá ààlà, tí á sì nọ́ọ̀kì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ojú mi báyìí ni ìtọ̀ náà ṣe di ẹ̀kán, tó sì dá pátápátá. Mo sọ fún awakọ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọdún 15 ni òun ti ń wa ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òórùn ọ̀dà tó ń jó gba imú wa, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Ọ̀nà tí a là gba inú ewéko kọjá tún pa dé lẹ́yìn wa bí ẹni ti ilẹ̀kùn. A na ọwọ́ sínú omi láti fà á kúrò. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí wúruwùru bí irun, ó gùn tó apá mi, bí a sì ṣe ń fa ọ̀kan ni ó ń fa ogún mìíràn wá. Ọmọrí kúlà tí a kó oúnjẹ sí ni èmi àti ọkọ àbúrò mi fi ṣe àjẹ̀, títí tó fi kán sí méjì. Ìdákọ̀ró kò sí, nítorí náà ibi tí atẹ́gùn àti omi bá fẹ́ ni wọ́n ń gbé wa lọ. Ilẹ̀ ṣú. Ẹ̀fọn dé. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí wọ́n kọ sára ògiri èbúté, ẹni tó gbé e béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí a wà. Mo ní orí ọ̀sà ni a wà. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ wo ni? Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rán mi létí pé òfin kò gba ọkọ̀ láyè lójú omi lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi di òní.

Nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ni baba Ìlàjẹ kan tó ń bọ̀ láti ìdí àwọ̀n rẹ̀ rí iná fóònù wa. Kò wá tààrà. Ó yí ewéko náà po, ó wá ibi tó ti fẹ́lẹ́, ó ju okùn sí wa, ó sì fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tiwa jáde díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí kan ó lé. Ilé rẹ̀ ni a sùn sí. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹja yíyan àti gàrí gbà wá, baba náà sì wò wá tìyanutìyanu, ó ní fóònù mẹ́sàn-án ló wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ kò sì ní àjẹ̀ kan.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e kúrò nínú oṣù Kejìlá. Oṣù Kejì ni kí ẹ lọ. Nígbà náà, iyọ̀ ti wọlé, ewéko ti fà sẹ́yìn, kùrukùru ọyẹ́ tí kì í jẹ́ kí a rí iwájú láàárọ̀ ti ń dín kù, ìjì òjò oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ti kúrò ní èbúté kí agogo méje tó lù, nítorí bí ọ̀sán bá ti pọ́n ni atẹ́gùn òkun máa ń dìde láti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀sà á di wúruwùru, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ sì kọjú sí. Bí ẹ bá ní láti kọ orúkọ èrò, ẹ kọ ọ́ nílé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ ṣe ẹ̀dà márùn-ún.

Ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò ọkọ̀ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kankan. Àjẹ̀ méjì, ọ̀pá gígùn kan, ìdákọ̀ró pẹ̀lú okùn tó gùn, igbá tí a fi ń gbọ́n omi, àdá kan fún ewéko: ẹ fi ojú ara yín rí wọn kí ẹ tó wọlé. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀, kí ẹ dì í, kí ẹ sì di èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sókè. Bí ó bá gòkè kọjá àgbọ̀n ọmọ náà, ti àgbàlagbà ni, yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń há fún èrò ni ìdè rẹ̀ ti já. Ní ti epo, ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, kí ìdá tó kù wà fún ohun tí ẹ kò retí. Bí ẹ bá rí ewéko níwájú, kí awakọ̀ dẹwọ́, kí ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ fi ọ̀pá kọjá. Bí ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì bá dá, kí ó pa á lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọdún 40 ló ti ń wa ọkọ̀.

Àwọn ibi kan wà tí ẹ óò rí lọ́nà. Ẹ̀jìnrìn kò tó ibi tí à ń yà pẹ́ mọ́. Ọjà ńlá ni láyé àtijọ́, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé pẹ̀lú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, kí ọ̀nà mọ́tò tó gba òwò náà lọ. Omi yìí kan náà ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó lọ́dún 1851, ẹ lè fi ìtàn yẹn dá àwọn ọmọ lára yá. Láti Ìpakòdò dé Marina kò nira, ọkọ̀ èrò ń ná an lójoojúmọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ Àpápá ni kí ẹ tún la ojú: bí ọkọ̀ òkun ńlá bá kọjá, ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ yín nígbà tí ẹ ti gbàgbé pé ó kọjá, kí awakọ̀ yí imú ọkọ̀ kọjú sí i, kí ó má ṣe gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sì ya fọ́tò àwọn ọmọ ogun ojú omi tàbí ibùdókọ̀ wọn, bó ti wù kí ó rẹwà tó. Mo mọ ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ kan ṣàlàyé fọ́tò kan. Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ dúró níbẹ̀. Omi náà ń bá a lọ dé Àjàṣẹ́, àwọn awakọ̀ á sì sọ pé wẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mìíràn ni, ìwé ìrìnnà sì ni wọn yóò béèrè.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí ẹ béèrè gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta: ẹ sùn ní Ìkòròdú ní alẹ́ àkọ́kọ́, ní Èkó ní alẹ́ kejì, kí ẹ sì wọ Àgbádárìgì ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Ní ti Màmá, wọ́n lè lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà Ìtòkín wá pẹ̀lú mọ́tò, kí wọ́n wọkọ̀ ní Ìpakòdò lọ́jọ́ kejì, nítorí ẹsẹ̀ àbúrò ìyá mi wú lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé gbígbé ni a gbé e gòkè sí ilé baba Ìlàjẹ. Ẹ má ṣe fi wọ́n sí iwájú ọkọ̀, ibẹ̀ ló máa ń lu omi jù. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó sí, pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì lábẹ́ wọn àti agboòrùn. Ní Àgbádárìgì, wọ́n lè fi ara balẹ̀ wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí lọ́dún 1845, kò jìnnà sí omi. Erékùṣù Gbẹ̀réfú ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, yanrìn ibẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, ìrìn rẹ̀ sì gùn fún ẹni ọdún 74. Kí ẹnì kan dúró ti Màmá ní bèbè omi títí àwọn ọmọ yóò fi dé.