Ínhélà Búlúù Kò Ràn Mí Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 38 ni mí, mo sì ní ásímà, ikọ́ sémìísémìí, láti kékeré. Ọyẹ́ ló tún jẹ́ kó dìde sí mi. Dókítà fún mi ní prednisolone, hóró 8 oní-5 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, pẹ̀lú ínhélà búlúù àti aláwọ̀ búráùn. Lọ́jọ́ kejì ara mi yá, mo bá dá hóró náà dúró, torí wọ́n ní sitẹ́rọ́ọ̀dù, irú oògùn tó jẹ́, máa ń múni wú. Èémí ti tún ń há báyìí. Mo ń fín búlúù sẹ́nu títí, kò ràn mí. — Oníbéèrè, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín lónìí, ẹ kó hóró tó kù dání.

Ohun méjì ló ń di ọ̀nà èémí yín: iṣan tó yí i ká fún pọ̀, inú rẹ̀ sì wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún un. Búlúù, tí salbutamol wà nínú rẹ̀, ń tú iṣan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí wákàtí 4 ni agbára rẹ̀ sì mọ. Kò ran wíwú yẹn. Prednisolone ló ń mú un lọlẹ̀, ó sì máa ń tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí ara yá yín, inú ọ̀nà èémí ṣì wú.

40 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7 ni wọ́n sábà ń fún àgbà. Àárọ̀ ni kí ẹ máa gbé e mì, lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá di alẹ́, ó lè gba oorun lójú yín. Ó lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ. Àwọn tó ń lò ó fún oṣù mélòó kan ló sábà ń wú, pàápàá àwọn tó ń rà á ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra. Ó dùn wá pé àṣìlò yẹn ló ń lé aláìsàn sá fún oògùn tó nílò.

Ní ti búlúù, bí ẹ bá kàn fín in sẹ́nu, ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, díẹ̀ ló ń dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wá ike omi oní-500 ml. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ olómi fọ̀ ọ́, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ, kí oògùn má baà máa lẹ̀ mọ́ ara ike. Ẹ gbẹ́ ihò tó ṣe wẹ́kú ẹnu ínhélà sí ìdí rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí ibẹ̀. Ẹ gbọn ínhélà, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò náà, ẹ mí síta, ẹ fi ètè di ẹnu ike pinpin, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ rọra mí wọlé, mí jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tún gbọ̀n ọ́ kí ẹ tó tẹ òmíràn. Ẹ máa ka iye tí ẹ ti tẹ̀ pẹ̀lú: agolo tó ní ìtẹ̀ 200 nínú ṣì lè máa tú gáàsì nígbà tí oògùn ti tán.

Bí èémí bá há gan-an, ẹ jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ tẹ búlúù lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 20-20 bí ẹ ti ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí àyà rẹ̀ tó ń dún bí fèrè ṣàdédé dákẹ́ láìrí èémí mí, ẹ gbé e lọ kíákíá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú.

Búráùn ní tirẹ̀, tó ń dín wíwú inú ọ̀nà èémí kù, ojoojúmọ́ ni, bí ara tilẹ̀ yá. Ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ tu ú dànù, kí funfun má baà bo ahọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ínhélà kì í di bárakú? — Oníbéèrè, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Kì í dì í. Bí ẹ bá ń fa búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, wíwú inú ọ̀nà èémí ni a kò tíì tọ́jú tó. Ẹ gbé ínhélà yín lọ bá dókítà, kó wo bí ẹ ṣe ń lò ó.