Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbin àgbàdo, àgbàdo ń rọ: ṣé irọ́ ni fóònù ń pa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Ìjàrẹ ni oko mi wà, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóṣù kẹta, mo sáré gbin àgbàdo kí n lè tètè rí tútù tà. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ mọ́kànlá rèé, òjò ò yọjú mọ́. Èyí tó hù ti ń rọ. Fóònù ọmọ mi sì ń sọ pé “òjò, 60%” ní gbogbo ìgbà. Ṣé kí n gba fóònù gbọ́ ni, àbí kí n máa wo ojú ọ̀run bíi ti bàbá mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrójú, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oko ká tó bá fóònù wí. Ẹ hú díẹ̀ wò nínú èyí tó hù. Bí gbòǹgbò bá ṣì funfun, tí àárín ewé sì tutù, wọ́n á jí bí òjò bá dé. Nígbà náà kí ẹ tún ihò tó ṣófo gbìn. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kú bá ju ìdajì lọ, ẹ fa gbogbo rẹ̀ tu kí ẹ gbin òmíràn, torí àgbàdo tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́yìn kì í rí oòrùn lábẹ́ ewé àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Òjò oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa kò tíì fìdí kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti òkun bọ̀, ó ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Bí oòrùn ti ń sún sí àríwá ni ti òkun ń lé ti aṣálẹ̀ lọ, àmọ́ kì í lé e tán lẹ́ẹ̀kan. Lónìí á wọlé, lọ́tùn-únla á fà sẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá wọlé, ooru ọ̀sán á gbé e sókè, ìjì á jà, àrá á sán, òjò á dà fún wákàtí kan, ó parí. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í kárí. Ó lè máa dà ní Ọjà Ọba kí eruku ṣì máa sọ ní Ọ̀bà-Ilé. Ẹni tó bá ti sá aṣọ síta rí ní Àkúrẹ́ lóṣù kẹta mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun tí 60% ń sọ ni pé, nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú ọjọ́ bá rí báyìí, òjò á kan ibẹ̀ ní mẹ́fà. Kò sọ bí omi á ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ fín kòkó ní Ìdànrè lè fi ṣiṣẹ́: kó gbé pọ́ǹpù kalẹ̀, kí òjò má baà fọ oògùn rẹ̀ dànù. Ti alágbàdo yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀lé òjò ọ̀la ló kàn yín ju òjò ọ̀la fúnra rẹ̀ lọ.

Lẹ́nu iṣẹ́ àwa tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, a kì í sọ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ àyàfi bí omi bá tó mílímítà 20 sí 25 láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta, tí ọ̀dá tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kò sì tẹ̀lé e. Agolo tí ara rẹ̀ tọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè ti tó láti fi wò ó. Ẹ gbé e síbi tí igi ò bò, kí ẹ fi rúlà ọmọ iléèwé wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdá wa ilẹ̀. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọlẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ má tíì gbìn. Ti ọ̀dá ẹ̀yìn rẹ̀, agolo ò lè sọ ọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín wá àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó máa ń sọ ìgbà tí òjò á fìdí múlẹ̀ àti ìgbà tó ṣeé ṣe kí ọ̀dá wà.

Mo mọ̀ pé tútù tó bá kọ́kọ́ dọ́jà lówó lórí. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbin ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ fi irúgbìn tó kù sílé. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn èèyàn yìí ti gbin gbogbo tèmi lọ́jọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ rí. Àparò ló hú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ.