Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “eager” àti “anxious”
Ẹ béèrè bóyá a lè fi “eager” rọ́pò “anxious” níbi gbogbo. Ní tèmi, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ “eager” ń fi ìdùnnú fojú sọ́nà fún nǹkan, ara rẹ̀ sì ti wà lọ́nà, nígbà tí “anxious” sábà máa ń ní ìfòyà nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní “I am eager to see my result” ń retí ayọ̀. Bí ó bá fi “anxious” sí i, ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé àyà rẹ̀ ń já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé “to” ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, “for” ló sì ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ: “eager to learn”, “eager for news”.