Èsì: Àwọn òṣìṣẹ́ mi kì í sọ̀rọ̀ tí mo bá ti wọlé

Ẹ kú ìbéèrè o, ọ̀gá mi. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti di máníjà, gbogbo èèyàn máa ń dákẹ́ ní mítíìnì, ẹ kì í sì í gbọ́ nípa àṣìṣe àfi tó bá ti bàjẹ́ tán. Èmi ò rò pé wọ́n kórìíra yín o, ohùn yín ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Tí ẹnì kan bá wá sọ pé ọjà kọ́sítọ́mà ò tíì kúrò nílẹ̀, tí àyà yín wá ń já, tẹ́ ẹ ti fẹ́ pariwo, ẹ dúró ná, ẹ bi ara yín pé ṣé inú ló ń bí mi ni àbí ẹ̀rù ohun tí MD, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́, máa sọ ló ń bà mí? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ni. “Kí la lè ṣe báyìí?” yàtọ̀ pátápátá sí “ta ló fà á?”, èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bi í ló máa sọ bóyá á tún wá bá yín lọ́la. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí lórí WhatsApp group, ìyẹn burú gan-an torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún lè má kúrò níbẹ̀ mọ́, wọ́n á kàn máa kà á ni. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá sì ti jágbe mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó rántí, ẹ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kò ní dín ipò yín kù rárá.